Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: Ohun tó yẹ kí ayálégbé Mamobi mọ̀ kó tó ra ampilifáyà àti sípíkà

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lé: ibùsùn tí yóò sùn lé, àti ẹ̀rọ orin tí yóò máa dá a lára yá. Ọ̀rọ̀ ibùsùn kì í pẹ́ yanjú. Ti ẹ̀rọ orin ló máa ń di wàhálà, nítorí ariwo àwọn ọlọ́jà, nítorí iye ńlá-ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, àti nítorí ojú àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò wá kí onílé tuntun. Owó tó ti pẹ́ kí ó tó kó jọ yóò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí oṣù tó parí, onílé ti kan ilẹ̀kùn, ará ilé ti ń fajú ro, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì ti ń ha bí ọ̀fun ẹni tí òtútù mú. Ní àdúgbò Mamobi, nílùú Accra, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mamobi kì í ṣe ibi àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nima ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Accra New Town wà nítòsí, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́ nítorí àwọn èèyàn wa tó tẹ̀dó síbẹ̀. Òfin tí ìjọba Busia gbé jáde lóṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé. Síbẹ̀, èdè Yorùbá kò parẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò lọ, àwọn mìíràn padà, àwọn ọmọ tuntun sì ń dé láti Èkó, Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ títí di òní olónìí.

Owó ilé ti lọ ná

Ọ̀pọ̀ ilé ní Mamobi ló jẹ́ agboolé: yàrá yí àgbàlá kan ká, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo èèyàn ń lò, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ayálégbé kan àti èkejì. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a yóò gba yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀. Òfin owó ilé tí Gánà ṣe lọ́dún 1963 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá ilé ní Accra mọ̀ pé owó ọdún kan tàbí ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń bá a sọ. Èyí ni pé kí ayálégbé tó ronú ẹ̀rọ orin, apá tó pọ̀ jù nínú owó ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ onílé. Bí ìjà ariwo bá wá lé e kúrò nílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbígba owó tó kù padà kì í rọrùn. Nítorí náà, ẹni tó ń yan ẹ̀rọ orin ń yan ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn ni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Yàrá ló yẹ kí a wò kí a tó ra sípíkà, sípíkà ló sì yẹ kí a wò kí a tó ra ampilifáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà á dé: wọ́n á ra ampilifáyà tó lágbára jù lọ, wọ́n á sì fi ṣẹ́ńjì tó kù ra sípíkà. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ẹni tó ra gàárì kó tó mọ̀ bóyá ẹṣin ni òun yóò gùn tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Iṣẹ́ ti oníkálukú wọn

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Accra ti mọ iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ méjì yìí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1935 ni ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n ń pè ní ZOY bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú náà. Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni ohùn ti ń wọlé nígbà náà. Ní ibùdó ni wọ́n ti ń fún ohùn ní agbára, wáyà ló sì ń gbé e lọ sínú àpótí kékeré tó wà nílé nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. Lọ́dún yẹn kan náà ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ohun tó wà ní ibùdó ni ampilifáyà, àpótí tó wà nílé ni sípíkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí, àfi pé àwọn méjèèjì ti di ará yàrá kan náà.

Ohùn tó ń jáde látinú fóònù, rédíò tàbí ẹ̀rọ tó ń lu àwo kéré púpọ̀. Ampilifáyà ni yóò sọ ọ́ di iná tó lágbára, sípíkà ni yóò sì fi agbára yẹn ti bébà tàbí ọ̀rá tó wà níwájú rẹ̀ síwá-sẹ́yìn títí afẹ́fẹ́ yóò fi mì, tí etí yóò fi gbọ́. Ọ̀nà tí Rice àti Kellogg fi hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925 ni ọ̀pọ̀ jù lọ sípíkà ayé ṣì ń tọ̀ dòní. Bí wọ́n bá so ampilifáyà méjì tó dára mọ́ sípíkà kan náà, tí wọn kò sì yí ohùn jù, agbára káká ni etí yóò fi mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá so sípíkà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ampilifáyà kan náà, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé ohùn wọn ò jọra. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí owó tó pọ̀ jù lọ sórí sípíkà.

Iye wáàtì ara páálí

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù lọ ni ọ̀rọ̀ wáàtì. Wọ́n á kọ 1,000 wáàtì, nígbà mìíràn 3,000, sára páálí ẹ̀rọ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ kan gbé. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí lẹ́tà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: PMPO. Ìyẹn ni agbára tí wọ́n ní ẹ̀rọ náà lè yọ jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá tí kò tó ìpajúpadé, wọn ò sì sọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Èyí tó ṣe é gbọ́kàn lé ni wọ́n máa ń pè ní RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa fúnni láìdáwọ́dúró. Irọ́ yìí pọ̀ débi pé lọ́dún 1974 ni àjọ Federal Trade Commission ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin fún àwọn tó ń ta ampilifáyà ilé, pé kí wọ́n sọ iye wáàtì tó ń jáde láìdáwọ́dúró, irú sípíkà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àti bí ohùn ṣe bàjẹ́ tó nígbà náà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà já irọ́ páálí láìjẹ́ onímọ̀. Kí ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. Wọ́n máa ń kọ iye wáàtì tí ó ń fà lára iná mànàmáná síbẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá sọ pé wáàtì 60 ló ń fà, tí iwájú ń pariwo 1,000, ta ni yóò bá a wá 940 tó kù? Ẹ̀rọ kì í fúnni ju ohun tí ó gbà lọ.

Wáàtì púpọ̀ pàápàá kò ṣe tó bí èèyàn ti rò. Kí ohùn tó lè fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 ga sí i, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó kúrò lórí 50 wáàtì bọ́ sórí 100 kò rí ju ìgbésẹ̀ kékeré yẹn lọ. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó ní láti fi bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 lé, ìyẹn agbára ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun tó ń fi agbára pa mọ́ ni sípíkà tó rọrùn láti mì. Nínú ìwé sípíkà ni wọ́n máa ń kọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí yóò mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì kan, tí a sì dúró ní mítà kan sí i. Òmíràn jẹ́ 84, òmíràn jẹ́ 90. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 tó wà láàárín wọn túmọ̀ sí agbára ìlọ́po mẹ́rin: 20 wáàtì lórí èyí tó jẹ́ 90 yóò dún bákan náà pẹ̀lú 80 wáàtì lórí èyí tó jẹ́ 84. Nínú yàrá Mamobi, níbi tí olùgbọ́ kì í jìnnà sí sípíkà ju mítà méjì lọ, wáàtì kan ṣoṣo ti tó láti mú kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ gbóhùn sókè. Ìyókù jẹ́ ti ìgbà tí onílù bá gbá a lójijì. Ampilifáyà tó bá ní 20 sí 40 wáàtì òtítọ́ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní kékeré. NAD 3020 tó jáde lọ́dún 1978, tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé gẹ́gẹ́ bí ampilifáyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 20 wáàtì péré ni wọ́n kọ sí i fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí ìlù bá dún jù, yóò ya

Àwọn kan rò pé ampilifáyà ńlá ló ń jó sípíkà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ampilifáyà kékeré tí wọ́n yí dé òpin náà ń jó o, bóyá ju ti ńlá lọ. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, ńṣe ni yóò máa gé orí ohùn náà sọnù. Gígé yẹn máa ń bí ohùn tínrín tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀, sípíkà kékeré tó wà lókè, tí àwọn onírédíò ń pè ní twítà, ló sì máa ń forí fá a. Bí ohùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tí àgógo dà bí agolo tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, kí a yí i wálẹ̀ kíá ló dára. Ó ti kọjá agbára ẹ̀rọ nìyẹn.

Óòmù tó wà lẹ́yìn sípíkà náà ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ 8, 6 tàbí 4. Bí iye náà bá ṣe kéré sí ni iná tí sípíkà ń fà lára ampilifáyà ṣe ń pọ̀ sí. Sípíkà óòmù 8 méjì tí wọ́n so pọ̀ sójú kan náà ní ẹ̀gbẹ́-n-ẹ̀gbẹ́ ti di óòmù 4, mẹ́rin sì di 2. Àwọn tó ń fẹ́ kí yàrá kún fún sípíkà á máa so ó mọ́ra títí ampilifáyà yóò fi gbóná bí ààrò. Kí a ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ampilifáyà. Bí ó bá ní òun kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré sí 6, kí a má ṣe so óòmù 4 mọ́ ọn.

Ohun tí ìyá ìlù bá wí

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ sípíkà tó dára? Ọmọ Yorùbá ní òṣùwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ayé kò ní. Orin wa kì í ṣe ìró lásán, ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, olórin ń pa òwe, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló sì ń fi ìtumọ̀ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ dán sípíkà wò, kí ó mú orin àpàlà, jùjú tàbí fújì tó ti mọ̀ dénú lọ sọ́jà, èyí tí onílù ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ohun tí ìyá ìlù wí kedere láìyí ohùn sókè, sípíkà náà mọ́. Bí gbẹ̀du ìsàlẹ̀ bá bò ó mọ́lẹ̀, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ òkè ń ta sí etí, tí ọ̀rọ̀ àárín sì sọnù, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà, bó ti wù kí iná tó ń tàn wìnnìwìnnì lára rẹ̀ pọ̀ tó.

Irú èyí kò ṣàìsí fún orin Gánà náà. Háílàìfù tí E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Tempos, gbé wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fèrè àti gìtá tó wà ní àárín ló gbé e ró. Àwọn ẹlẹ́rọ tó ń fi bẹ́ẹ̀sì dẹ́rù ba èèyàn kò ṣe ti irú orin bẹ́ẹ̀ lóore.

Ògiri kì í dá bẹ́ẹ̀sì dúró

Ohùn tínrín ń kọlu ògiri, ó sì ń padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì ohùn tó ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó mítà méje, èyí tó ju ọ̀pọ̀ yàrá Mamobi lọ. Ògiri bulọ́ọ̀kù kan kò lè dá a dúró. Ohun tí aládùúgbò ń gbọ́ nìyẹn: kò gbọ́ orin, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, gbì-gbì-gbì nìkan ló ń gbọ́ títí di òru. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá tó gùn ní mítà 3.5 máa ń gbé bẹ́ẹ̀sì tó wà ní nǹkan bí 49 ró, débi tí yóò fi máa kùn ní kọ̀rọ̀ kan, tí a ò sì ní gbọ́ ọ rárá ní àárín yàrá.

Nítorí náà, sípíkà tí wúfà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5 sí 6 àti ààbọ̀ tó fún irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ti ínṣì 12 àti 15, ti òde àríyá ni. Bí sípíkà bá ní ihò lẹ́yìn, kí a fà á kúrò lára ògiri díẹ̀. Kí a má gbé e sí kọ̀rọ̀, kí a má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí àpótí tó le, tí twítà yóò fi bá etí ẹni tó jókòó mu, ló yẹ ẹ́. Kí àlàfo sípíkà méjèèjì síra wọn tó àlàfo wọn sí olùgbọ́, bí àdògán mẹ́ta tó gbé ìkòkò dúró. Ẹní, kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé tó nípọn yóò gba ohùn tó ń ta padà lára ògiri. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kò dá ohùn dúró rárá, kí a rántí tì í ní alẹ́.

Oṣù tí ìlù kì í dún

Ìjọba Gánà fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 ṣe òdiwọ̀n ariwo ní àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé lọ́sàn-án, ó sì fi 48 ṣe ti òru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì jókòó sọ láìpariwo lè tó 60. Èyí fi hàn pé ẹ̀rọ kékeré pàápàá lè sọ onílé rẹ̀ di arúfin. Ti ara ẹni náà ń bẹ níbẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan.

Èyí tí àjèjì kì í tètè mọ̀ ni ti ìfòfindè ìlù àwọn ará Gà, àwọn onílẹ̀ Accra. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, kí ọdún Hómówò tó dé, wọ́n máa ń fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ dá ìlù àti ariwo dúró. Wọ́n á ti gbin àgbàdo ọdún, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Ilé ìjọsìn kò gbọdọ̀ gbé sípíkà sí ìta lásìkò náà. Láàárín ọdún 1998 sí 2001, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàárín àwọn ọ̀dọ́ Gà àti àwọn ìjọ kan. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìtumọ̀ Orò kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni ìdí tí ìlú fi ń dákẹ́. Ẹ̀rọ tó dùn dáadáa ní ohùn kékeré ni yóò sin olówó rẹ̀ la oṣù yẹn já.

Bí a bá dé ọjà

Opera Square ní àárín ìlú Accra ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ẹ̀rọ, bí ará Èkó ṣe ń lọ sí Alaba. Tuntun wà níbẹ̀. Àlòkù tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀, tí àwọn ń pè ní “home used,” wà ní ìlú náà pẹ̀lú. Tòkunbọ̀ sípíkà tó dára lè ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí a wo etí wúfà yíká: bí ó bá jẹ́ fóòmù, ọdún máa ń jẹ ẹ́, yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́, rọ́bà ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a fi ìka méjì tẹ àárín wúfà wọlé pẹ̀lẹ́; bí ó bá ń ha, ó ti jó tàbí ó ti wọ́. Kí a gbọ́ ohùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí a gbọ́ ti òsì, kí a yí ohùn sókè sódò bóyá yóò máa ta pàrà-pàrà.

Kí a má gbàgbé fóòtì. Iná Gánà àti ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Bí a bá kì í bọnú iná wa láìní tìránsífọ́mà, èéfín ni yóò fi dáhùn. Láàárín ọdún 2012 sí 2016, nígbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní Gánà, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní “dumsor,” ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ ọgbọ́n pé bí iná bá ti lọ, kí a yọ ẹ̀rọ kúrò, kí iná tó padà dé má bàa bá a níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú iná dọ́gba kì í ṣe ohun ìgbádùn, ó yẹ kí ó wà nínú ìṣirò owó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ayálégbé tuntun kọ́kọ́ wọn yàrá rẹ̀, kí ó yan sípíkà tó bá a mu, kí ó wá ampilifáyà tí wáàtì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ tí óòmù rẹ̀ sì bá sípíkà dọ́gba, kí ó sì fi ìyókù owó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná. Lẹ́yìn èyí, ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kó tó di pé aládùúgbò kan tirẹ̀, kí ó kí i, kí ó sì béèrè bóyá ohùn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ náà.